Àdògán Onígi àti Èéfín Rẹ̀

Láti Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ àdògán onígi ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ará oko ni o. Láti ìgbà tí owó gáàsì ti ń gun òkè ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Èkó pàápàá ni ó ti padà sídìí igi àti èédú, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ìyàwó ilé tí ń dá a kò mọ ìtọ́jú rẹ̀, nítorí sítóòfù ni wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá wọn.

Èéfín ni ó jẹ mí lógún jù. Ní àkókò òjò, tí igi bá tutù, ni mo ń rí ọmọ ọwọ́ tí òtútù àyà mú jù lọ ní dìsípẹ́ńsárì. Bí mo bá bi ìyá pé níbo ni ọmọ máa ń wà nígbà tí ó bá ń dáná, yóò dáhùn pé, “Ẹ̀yìn mi náà ni, nọ́ọ̀sì.” Èéfín tí ó ń mú omi bọ́ lójú ìyá, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì gbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn tí ó tó 3,200,000 káàkiri ayé, àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn sì lé ní 237,000. Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín aláboyún 324 ní Ìbàdàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ lára àwọn tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná ju àwọn tí a fún ní sítóòfù tí kì í rú èéfín lọ.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká gáàsì, kí ó rà á. Ẹni tí kò bá ká, ẹ jẹ́ kí a tún àdògán ṣe.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Igi tútù kì í jó. Omi inú rẹ̀ ni iná ń sè ná, èéfín ni ẹ ó sì rí. Ẹ la igi kí ó má nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, kí ẹ tò ó sábẹ́ páànù níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, fún oṣù 3 ó kéré tán; oṣù 6 sàn jù. Bí ẹ bá ń rà á lọ́jà, ẹ gba ẹ̀là méjì mọ́ra. Bí ó bá dún kókó, ó gbẹ. Bí ó bá dún gbì, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni eérú. Àdògán tí eérú kún inú rẹ̀ kò lè mí. Ẹ ní kí wẹ́dà àdúgbò yín jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan pọ̀ bí irin ojú fèrèsé, kí ẹ gbé igi lé e, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Kí ẹ máa kó eérú ní àràárọ̀, sínú garawa onírin, kì í ṣe ti rọ́bà, nítorí ẹ̀yinná a máa sá pamọ́ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí àdògán alámọ̀ bá lanu, ẹ po amọ̀ mọ́ eérú tí ẹ ti jọ̀, ẹ fi dí i, kí ó gbẹ níbòji kí ẹ tó dáná. Ẹni tí ó ní ọ̀pá èéfín, kí ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ohun èlò kò pọ̀: ẹ̀mú gígùn, abẹ̀bẹ̀ (ẹ yé fi ẹnu fẹ́ná, ojú yín ni ẹ ń gbé lọ bá èéfín), àti aṣọ òwú gbígbẹ láti fi gbé ìkòkò. Aṣọ tútù a máa bó ni lọ́wọ́. Ti náílọ́nù a sì yọ́ mọ́ awọ. Bí ẹ bá lè mọ àdògán náà ga dé ìbàdí, ọmọ tí ń rákò kò ní í dé ibẹ̀.

Kí ni a ó fi ran iná? Ní Agbabu níhìn-ín, ọ̀dà dúdú ń sun láti inú ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ilẹ̀ wá a ní agbègbè yìí láàárín 1908 sí 1914. Igi tí ọ̀dà bá kàn ń yára gbiná, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò yẹ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ti ẹ̀yin ará ìlú ńlá ni ọ̀rá náílọ́nù, táyà, àti pákó àtijọ́ tí a ti kùn; òjé lè wà nínú ọ̀dà tí a fi kùn ún. Kẹrosíìnì tí a dà sórí ẹ̀yinná ni ó burú jù, iná rẹ̀ a máa tọ ọwọ́ ẹni wá. Ògùṣọ̀ tó o. Èédú ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Gáàsì rẹ̀ kò ní òórùn, ojú oorun ni ó ń pani sí.

Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bí ọmọ bá sì ń húkọ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 5 mí tó ìgbà 40, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.