Ṣé O Mọ̀? Àtọ̀gbẹ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Nìkan

Ṣé o mọ̀ pé alátọ̀gbẹ oríṣi kejì lè sùn láìjẹun, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga sí i kílẹ̀ tó mọ́? Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà tó kó pamọ́ síta ní ìdájí, kí ara lè rí agbára dìde. Insulin, èròjà tó ń kápá ṣúgà, nínú ara tó le koko á ká a lọ́wọ́ kò. Ti alátọ̀gbẹ kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ yéé bi Màámi tó ní àtọ̀gbẹ ní ohun tí wọ́n jí jẹ lóru.

Ṣé o mọ̀ pé àìsùn tó náà ń gbé ṣúgà sókè? Ará Magboro ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, á ti dúró de ọkọ̀ kí àkùkọ tó kọ, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ á tún há a mọ́ òpópónà márosẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀bà aago mẹ́wàá alẹ́, oorun wákàtí mẹ́rin, ìrònú owó ilé: ibo ni insulin ti fẹ́ rí ara ṣiṣẹ́?

Ṣé o mọ̀ pé ìrẹsì Òfadà náà lè gbé ṣúgà sókè? Ó dáa, wọn kì í bó o kanlẹ̀, àmọ́ ìrẹsì náà ni. Àmàlà ògẹ̀dẹ̀ kò yàtọ̀: bí òkèlè bá ti pọ̀ jù, ṣúgà á gòkè.

Ṣé o mọ̀ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń ran alátọ̀gbẹ oríṣi kejì lọ́wọ́ ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ? Ìwádìí Yunifásítì Otago ní New Zealand ló fi hàn lọ́dún 2016.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn dexamethasone, táwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra, máa ń lé ṣúgà sókè gan-an? Àwọn olùwádìí ti bá a nínú egbòogi tí wọ́n ń tà kiri ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Àgbo "aláìlẹ́gbẹ́" tó ń mú kí ẹ̀yìn ríro lọ lójú ẹsẹ̀, tó tún ń múni jẹun bí ọmọ ogun, ó ń fu mí lára o.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ insulin tó bá ti di yìnyín ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà? Má fi sí fírísà. Níbi tí iná ò ti dúró, ìkòkò amọ̀ tí a fi omi rin ara rẹ̀ máa ń jẹ́ kó tutù díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé jínótáìpù AS lè ṣi àyẹ̀wò HbA1c lọ́nà? Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́dún 2017, wọ́n yẹ èsì ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú wò ní Amẹ́ríkà: nọ́ńbà àwọn AS kéré sí ti àwọn AA, bí ṣúgà wọn tilẹ̀ jọra. Ti SS kò ṣeé gbọ́kàn lé rárá, torí ẹ̀jẹ̀ pupa wọn kì í pẹ́ kú. Bí o bá ń lọ ṣe é, sọ jínótáìpù rẹ fún dókítà.