Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ẹrù Kalẹ̀ Lára Máòsì Géèmù

Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Logitech gbé máòsì kan jáde fún àwọn agbágéèmù, wọ́n pè é ní G Pro X Superlight. Kò ní wáyà, kò sì tó 63 gíráàmù, ìyẹn bí ẹyin adìẹ kan tó tóbi díẹ̀. Owó tí wọ́n dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150 dọ́là. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e á rò pé wọ́n gbàgbé láti ki bátìrì bọ inú rẹ̀ ni. Bátìrì sì wà níbẹ̀ o, ó lè ṣiṣẹ́ fún 70 wákàtí kí ẹ tó tún ṣáàjì rẹ̀. Létí ẹni tí iná ń já ní ọ̀sán, tó tún ń já ní òru, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá gbé máòsì tí kò ní wáyà lọ síbi ìdíje, ẹ̀rín ni wọn á fi í rín. Irú rẹ̀ wúwo, ó ń lọ́ra, bátìrì rẹ̀ sì lè kú mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí ìjà bá gbóná. Kí ló wá yí padà? Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé ike tó fẹ́lẹ́ ni. Ike kó ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe máòsì ni wáyà ti wà nídìí rẹ̀. Ní 1964, ní iléeṣẹ́ ìwádìí Stanford ní Menlo Park, Kalifọ́níà, Bill English kan èyí àkọ́kọ́ láti inú èrò ọ̀gá rẹ̀, Douglas Engelbart. Igi ni wọ́n fi ṣe é, kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ló sì ń yí lábẹ́ rẹ̀. Engelbart fi í han àwọn ènìyàn ní San Francisco ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, 1968. Nínú gbogbo máòsì tí ayé ti rà látìgbà náà, kò sí èyí tó mú owó ẹ̀tọ́ wọ àpò rẹ̀.

Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni bọ́ọ̀lù dé. Àwọn tó lọ sí káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 kò lè gbàgbé rẹ̀: ẹ ó dojú máòsì dé, ẹ ó yọ bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, ẹ ó sì fi èékánná ha ẹ̀gbin dúdú tó lẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá kéékèèké tó ń yí nínú rẹ̀. Microsoft ló bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí ìyẹn ní 1999 pẹ̀lú IntelliMouse Explorer. Wọ́n fi iná pupa àti kámẹ́rà kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà náà ń ya àwòrán orí tábìlì ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ inú máòsì sì ń fi àwòrán wé àwòrán láti mọ ibi tí ọwọ́ yà sí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ojú tó ń ya àwòrán bẹ́ẹ̀ ń jẹ iná. Bí agbágéèmù bá ti ń fẹ́ ojú tó mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú náà ń jẹun sí i. Bí wáyà bá wà, kò sí ìyọnu, kọ̀ǹpútà ló ń bọ́ ọ. Ẹ yọ wáyà, bátìrì ni yóò máa bọ́ ọ, bátìrì tó bá sì máa bọ́ alájẹkì gbọ́dọ̀ tóbi. Ní 2016, G900 tí Logitech ṣe yára débi pé kò sí ẹni tó tún lè sọ pé máòsì aláìníwáyà ń lọ́ra ju oníwáyà lọ, nítorí ìgbà 1,000 ló ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí máòsì ọ́fíìsì lásán ń ránṣẹ́ ní ìgbà 125. Àmọ́ 107 gíráàmù ni.

Ṣé gíráàmù mélòó kan wá tó ohun tí ènìyàn ń pariwo lé lórí? Ẹ wo ẹni tó mọ Counter-Strike, géèmù ìbọn yíyìn, gbá dáadáa. Kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan ló fi ń darí máòsì, gbogbo apá ló ń lò. Ó ti dín ìyára máòsì kù kí ojú ìbọn má baà máa gbọ̀n. Nítorí náà, bó bá fẹ́ yíjú wo ẹ̀yìn, yóò wọ́ máòsì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lórí rọ́bà tó tẹ́ sórí tábìlì, yóò gbé e sókè, yóò dá a padà, yóò tún wọ́ ọ. Bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ di alẹ́ nìyẹn. Gíráàmù tó bá lé, apá ló ń san án.

Wáyà ní tirẹ̀ a máa há sí etí tábìlì. Àwọn kan ra ọ̀pá kékeré tó ń gbé e sókè kó má baà wọ́lẹ̀, àwọn mìíràn yọ wáyà onírọ́bà kúrò, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n fi okùn rírọ̀ bò rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí ike. Wọ́n ń tú máòsì nílé, wọ́n ń gé ohun tí wọn ò nílò dànù, wọ́n ń lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ rí èyí, wọ́n sọ ọ́ di ọjà: Finalmouse gbé Ultralight Pro jáde ní 2018, Glorious gbé Model O jáde ní 2019, 67 gíráàmù ni méjèèjì, oníhò ni wọ́n, wáyà sì wà nídìí wọn. Èmi ò gba ti ihò yẹn rárá. Òógùn ọwọ́, èérún búrẹ́dì, eruku ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ní 2017, Logitech gbé ojú tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní HERO. Wọ́n ní iná tó ń jẹ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ebi ojú ṣe dínkù, bátìrì lè kéré. Bí bátìrì ṣe kéré, ẹrù já bọ́. Wọ́n pe àwọn agbágéèmù tó lé ní 50, àwọn tó ń fi ìdíje jẹun, wọ́n fi ọdún méjì dán an wò pẹ̀lú wọn, G Pro Wireless sì jáde ní 2018 ní 80 gíráàmù. Lórí Superlight, wọ́n yọ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti iná aláràbarà kúrò, wọn ò sì lu ihò kankan. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi bá wọn wí ni ojú ìṣáàjì rẹ̀, Micro-USB àtijọ́, lára ọjà olówó gọbọi.

Látìgbà náà, eré sísá ló kù. Ilé-iṣẹ́ Razer ṣe Viper V2 Pro ní 58 gíráàmù ní 2022. Superlight 2 dé ní 2023 ní 60 gíráàmù, pẹ̀lú USB-C. Láti 107 sí 63, apá mọ̀ ọ́n. Láti 63 sí 60, òṣùwọ̀n nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ irú máòsì yìí wò, ẹ má jẹ́ kí 25,600 DPI (òṣùwọ̀n ìyára máòsì) tó wà lára páálí fọ́ yín lójú. Láàárín 400 sí 1,600 ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá fi tiwọn sí. Ẹ gbé e lé ọwọ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìka kéékèèké yín ń wọ́lẹ̀. Ẹ mì í létí, kò gbọdọ̀ ró. Ẹ fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ké. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀méjì. Àìsàn tó sábà máa ń pa bọ́tìnnì onírin nìyẹn. Bí géèmù kò bá sì jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín, ẹ wo G305. HERO ló wà lábẹ́ òun náà, bátìrì AA kan ṣoṣo gbé e dé 250 wákàtí, 99 gíráàmù ni, 60 dọ́là ni wọ́n sì kọ́kọ́ tà á. Èyí tí màá ní kí púpọ̀ nínú yín rà nìyẹn.