Nígbà tí Ẹ̀wọ̀n Di Okùn: Bí A Ṣe Túmọ̀ Ìwé Kóòdù Ọ̀rẹ́ Mi

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ sọ fún yín nípa iṣẹ́ ìtumọ̀ kan tí mo ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì níbí ní Houston. Kì í ṣe Yorùbá ni mo túmọ̀ o. Láti èdè Sípáníìṣì sí Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sì ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan dé sọ́dọ̀ wa láti Kòlóńbíà. Láti ọmọ ọdún 11 ló ti ń kọ kóòdù. PSeInt ló fi kọ́ ọ, ètò kan tí wọ́n ṣe ní Ajẹntínà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ Sípáníìṣì. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi í ní ìbéèrè. Kò mọ orúkọ nǹkan kan. Wọ́n bá fi í sí kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ ò dùn rárá. Tíṣà ní tó bá lè fi iṣẹ́ tó ti ṣe hàn òun lédè Gẹ̀ẹ́sì kí oṣù tó parí, òun á tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ó ní ìwé nóòtù kan tó kún fọ́fọ́. Èmi ti kọ́ Sípáníìṣì fún ọdún mẹ́ta, mo bá sọ fún un pé, "Gbé e wá, màá bá ẹ túmọ̀ ẹ̀."

Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, mo ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ìtumọ̀ tí mo bá kọ́kọ́ rí. Nígbà tí tíṣà ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ní, "Kí ni ilé ìtàwé ń wá nínú kóòdù? Ẹ̀wọ̀n wo sì lẹ̀ ń sọ níbí?" Ojú tì mí. Ọ̀rẹ́ mi kàn ń wò mí ni, bíi pé mo ti bá a ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí mo ti ṣì í.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni "cadena". Ẹ̀wọ̀n ni ìtumọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú kóòdù, lẹ́tà àti àmì tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí kọ̀ǹpútà kà sí nǹkan kan ṣoṣo, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ, àdírẹ́sì rẹ, gbólóhùn bíi "Ẹ káàárọ̀", cadena ni gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì kì í pè é ní "chain". "String" ló ń pè é, ìyẹn okùn. Nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ọ̀kan ní ó dà bí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so pọ̀, èkejì ní ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà.

Ìkejì ni "librería". Ilé ìtàwé ni lóòótọ́. Nínú kóòdù, àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ ni, tí ìwọ á kàn yá lò. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "library", ìyẹn ilé ìkàwé. "Biblioteca" ni Sípáníìṣì ń pe ilé ìkàwé, òun náà sì ni àwọn tó ń ṣọ́ èdè wọn máa ń lò fún ti kóòdù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń sọ librería nítorí pé ó dún bíi library létí. Etí tan àwọn, ojú sì tan èmi: mo rí librería, mo kọ "bookstore".

Ìkẹta ni "arreglo". Àtúnṣe ni mo pè é, bí ìgbà tí wọ́n tún bàtà ṣe. Nínú kóòdù, nǹkan tó tò sórí ìlà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, ni. "Array" ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá gbọ́ o: arreglo ni wọ́n sábà máa ń lò ní Látìn Amẹ́ríkà. Ní Sípéènì, wọ́n sábà máa ń pe ti orí ìlà kan ní "vector", wọ́n á sì pe èyí tó rí bíi tábìlì ní "matriz". Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Tí bàbá mi tó jẹ́ ará Ìbàdàn bá ní òun fẹ́ jẹ ọkà, àmàlà ló ń wí. Àmọ́ ọkà tí Rúùtù ń pèéṣẹ́ nínú Bíbélì, hóró inú oko ni. Kó o tó túmọ̀ ọkà, bi ẹni tó sọ ọ́ pé níbo ló ti wá.

Ìkẹrin ni "según", tó túmọ̀ sí "gẹ́gẹ́ bí". Iṣẹ́ rẹ̀ nínú PSeInt ni láti wo iye kan, kó sì yan ọ̀nà tó bá a mu: tó bá jẹ́ 1, ṣe èyí, tó bá jẹ́ 2, ṣe tọ̀hún. "Switch" ni ọ̀pọ̀ èdè kóòdù ń pè é, bíi èyí tí a fi ń tan iná lára ògiri.

Nọ́ńbà pàápàá fẹ́ ìtumọ̀. Ní Kòlóńbíà, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya ìdá nọ́ńbà sọ́tọ̀, kì í ṣe àmì ìdánudúró. Ọ̀rẹ́ mi kọ 3,5 sínú nóòtù rẹ̀, èmi náà sì kọ 3,5 sínú Python. Python ò pariwo o. Ó kàn gbà pé nọ́ńbà méjì ni, 3 àti 5. Nígbà tí a ní kó fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, dípò 7, ó gbé 3, 5, 3, 5 jáde! "Billón" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. 1,000,000,000,000 ni lédè Sípáníìṣì, nígbà tí "billion" Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,000,000,000. Tó o bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, o ti fi ìlọ́po 1,000 ṣìṣe.

Báwo la ṣe wá tún un ṣe? A fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé. Nínú ti àkọ́kọ́, a kọ ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì. Nínú ti àárín, ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, nígbà mìíì ó máa ya àwòrán ẹ̀. Èmi ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sínú ìkẹta àfi tí ti àárín bá yé mi. Lẹ́yìn náà la wá wo ìwé àlàyé Python fúnra rẹ̀, tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì, a gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló gbà wá, kì í ṣe alẹ́ kan.

Tíṣà ka èyí tuntun. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi wá sójú pátákó, kó ṣàlàyé ojú ìwé kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kọsẹ̀ rárá. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti bọ́ sí kíláàsì wa. Ní báyìí, èmi ni mo ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àìmọ orúkọ kì í ṣe àìmọ iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé tí a ò rí i sọ. Ó lè jẹ́ pé a mọ nǹkan náà, orúkọ ẹ̀ ló ṣì ń bọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ yín rèé. Sípéènì ní "ordenador", Kòlóńbíà ní "computador". Àwa náà ní kọ̀ǹpútà, a tún ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Kí ni ká wá máa pe "string" lédè Yorùbá? Ṣé okùn ni, àbí ẹ̀wọ̀n? Èmi fara mọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ mú tiyín wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ká jọ jà á.