Kí Ló Ń Mú Ọmọ Yunifásítì Fi Fóònù Dójú Ti Ẹlẹ́gbẹ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́, ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Láàárín ẹrù tí a ń dì fún ọmọ, fóònù wà níbẹ̀. Òun ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ń bú ara wọn, tí wọ́n fi ń tan irọ́ kálẹ̀, tí wọ́n sì fi ń gbé àṣírí ẹlẹ́gbẹ́ wọn síta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní eré. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2010, Tyler Clementi, ọmọ ọdún 18, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fi kámẹ́rà kọ̀ǹpútà yọjú wò ó nígbà tí ó ní àlejò, ó sì kọ ọ́ sórí Twitter. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Tyler gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Kí ló ń mú ọmọ tí a kọ́ nílé hu irú ìwà yìí? Èkíní, kò rí ojú ẹni tí ó ń bú. Lójúkojú, omijé lè mú kí àánú ṣe é; lórí fóònù kò sí omijé. Ọ̀mọ̀wé John Suler ti kọ ọ́ ní 2004 pé ìfarapamọ́ àti àìfojúkojú a máa tú ìjánu ènìyàn.

Èkejì, ó lè fi orúkọ pamọ́. Àwa akọ̀wé rélùwéè mọ̀ pé orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Èébú orí fóònù kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀san. Ẹni tí a ti fi ṣe ẹlẹ́yà rí ń wá ẹni tí yóò fi ṣe.

Ẹ̀kẹrin ló burú jù: ẹ̀rín àwọn òǹwòran. Ẹnì kan ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí kò bá sí ẹ̀rín, iná náà yóò kú. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa lórí ìwà ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti 2015, a sì tún un ṣe ní 2024. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn títí ẹ̀rù ikú fi bà á lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Àwa tí a sì ń gbé láàárín ẹ̀yà mìíràn mọ̀ pé èébú ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn láti ọwọ́ ọmọ kan lè kó bá gbogbo ilé.

Nítorí náà, kí ọmọ tó wọ ọkọ̀, ẹ sọ fún un pé kí ó má kọ ohun tí kò lè sọ lójú ẹni, kí ó má sì fi èébú ẹlòmíràn ránṣẹ́ síwájú. Bí wọ́n bá sì ń fi òun ṣẹ̀sín, kí ó tètè sọ fún wa nílé. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé a kò ní bá a wí.