Bí A Ti Ń Fi Ìṣirò Mọ Ohun tí Ó Wà Níbi tí A Kò Dé

Ní ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìlú Johannesburg wà lónìí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta oníwúrà náà wà, owó ńlá ni wọ́n sì ń ná kí ọwọ́ tó tó o. Nítorí náà, àwọn awakùsà a máa bu òkúta díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ wà, wọn a sì fi ìwọ̀nba yìí ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1951, Danie Krige, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ náà, fi hàn pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ibi tí òkúta ìdánwò bá fi hàn bí ẹni pé wúrà kún ibẹ̀, kì í sábà kún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà á tán. Ibi tí ó sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan, wúrà rẹ̀ a máa ju bí wọ́n ti rò lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn kan ń ṣe làálàá lásán, wọ́n sì ń fi wúrà tòótọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Àtúnṣe tí Krige mú wá ni pé kí ẹ̀rí òkúta ìtòsí máa bá ẹ̀rí gbogbo ibi ìwakùsà náà rìn pọ̀.

Georges Matheron, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ni ó sọ èrò yìí di ẹ̀kọ́ pípé, tí ó sì fi orúkọ Krige pè é. Ní ọdún 1969, ó gbé ọ̀nà tí ó ka ìtẹ̀sí ilẹ̀ kún un jáde.

Ìtẹ̀sí ni bí iye nǹkan ṣe ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ kan. Ó yàtọ̀ sí ìbátan aládùúgbò, nítorí ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ a di ọṣẹ, ohun tí ó bá sì súnmọ́ ara wọn a máa jọra. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò ní mítà 100, 200 àti 300, tí wọ́n rí gíráámù wúrà 4, 6 àti 8 nínú tọ́ọ̀nù òkúta kọ̀ọ̀kan, ìtẹ̀sí ibẹ̀ ni pé 2 ń kún un ní mítà 100 kọ̀ọ̀kan. Ní mítà 400, ó yẹ kí wọ́n rí 10. Bí wọ́n bá rí 13, ó fi 3 lé. Èlé yìí kì í ṣe ti ìtẹ̀sí, ti àdúgbò ni. Ní mítà 410, ó yẹ kí wọ́n ka púpọ̀ nínú rẹ̀ sí i. Ní mítà 800, ó lè má já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìtẹ̀sí nìkan kò ní rí èlé náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti aládùúgbò nìkan yóò sọ ọ́ di ti gbogbo ilẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ìbátan pin sí? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìtẹ̀sí kúrò, wọn a mú àwọn ihò ní méjì méjì, wọn a sì wo bí iye wọn ti yàtọ̀ tó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jìnnà síra tó. Bí wọ́n ti ń jìnnà ni ìyàtọ̀ ń pọ̀. Ibi tí kò bá ti pọ̀ sí i mọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rí aládùúgbò parí sí.

Irú ìṣirò yìí ni àwọn onímọ̀ ìlera ń lò lónìí láti díwọ̀n bí ibà ṣe pọ̀ tó ní àwọn ìletò Áfíríkà tí aláyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò dé. Iyì rẹ̀ tí ó ga jù ni pé kì í sọ iye kan lásán. A máa sọ bí iye náà ti lè ṣìnà tó pẹ̀lú. Níbi tí àyẹ̀wò bá pọ̀, àṣìṣe a dínkù. Níbi tí wọ́n bá jìnnà síra, a pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ wa kùsà, tàbí tí ó fẹ́ pín oògùn, yóò mọ ibi tí ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ lọ tún yẹ̀ wò.