Sọ́fítíwíà Tí Kò Tíì Gbó: Kí Ló Yẹ Ká Wò Lára Rẹ̀?

Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ oníròyìn wa bá lẹ ìròyìn tuntun mọ́ ògiri, ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ibi tí a óò máa tọ́jú wọn sí lórí kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CMS. Ẹni tó ń kọ̀wé á kàn tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. CMS á tò ó, á fi déètì sí i, á sì gbé e jáde.

Wọ́n fi ọ̀kan hàn wá tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ó rẹwà, open source sì ni: ẹnikẹ́ni ló lè wo kóòdù rẹ̀, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Ẹgbẹ́ ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun márùn-ún ni mo wò.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, bíi 0.3, àwọn tó ń kọ́ ọ ń sọ fún wa pé àwọn lè yí ohunkóhun padà lọ́la. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. WordPress tó gbajúmọ̀ lónìí, 0.7 ló kọ́kọ́ jáde, ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 2003. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ràá lọ́wọ́.

Ìkejì ni àṣẹ tó wà lórí kóòdù. Inú b2/cafelog tí Michel Valdrighi kọ ni WordPress ti jáde. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn dáwọ́ dúró, Matt Mullenweg àti Mike Little gbé kóòdù náà, wọ́n ń bá a lọ, torí pé àṣẹ GPL gbà wọ́n láyè. Tiwa yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n GPL ló wà lórí rẹ̀. Bó bá rẹ ẹni náà, ẹlòmíì lè gbà á.

Ìkẹta ni ọ̀nà àbájáde. Nígbà tí Yahoo ti GeoCities pa ní Amẹ́ríkà ní 2009, àwọn tó ní ojú-ìwé níbẹ̀ ní láti yára kó ẹrù wọn. Ṣé àwa lè kó tiwa? Mo wá bọ́tìnì tó máa kó àpilẹ̀kọ jáde, kò sí.

Ìkẹrin ni èdè wa. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n so pọ̀, ó sì ju ọ̀nà kan lọ tí èèyàn lè gbà so wọ́n. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Sọ́fítíwíà tí wọn ò bá kọ́ dáadáa á ní wọ́n yàtọ̀. Tiwa gbé àmì jáde bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá wá ọ̀rọ̀, nígbà míì á ní òun ò rí i. Ẹ má fojú kéré àmì o! Bí ọ̀kan ṣoṣo bá jábọ́, "Ọkọ̀ tíṣà bàjẹ́" á di "Ọkọ tíṣà bàjẹ́." Ẹjọ́ dé nìyẹn.

Ìkarùn-ún ni iná. Ní Ìbàfò níbí, ta ni kò mọ̀ pé iná lè lọ nígbàkígbà? Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa kọ̀ǹpútà lágbede méjì ìwé kíkọ. Nígbà tí mo tún tàn án, gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀. Ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Èrò tèmi rèé: ká má tíì kó gbogbo ẹrù wa sínú rẹ̀. Ká fi abala eré ìdárayá nìkan dán an wò fún táàmù kan, ká lo WordPress fún ìyókù, ká sì máa fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì. Ṣùgbọ́n ká kọ̀wé sí ẹni tó ń kọ́ ọ nípa bọ́tìnì àti àmì. Ó lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Bí àwa tí a ni èdè ò bá sọ fún un, ta ló máa sọ?