Ẹni tó kú, tó jí sí ayé mìíràn, tó di alágbára: Adùn àti àléébù ìtàn àtúnwá

Bí ọjọ́ bá rọ̀ ní Ìgbọ̀nà, nílùú Òṣogbo, tí àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tó tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tàbí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé ọmọ ń wò. Àmọ́ ìtàn ni àwọn mìíràn ń kà, ìtàn láti orílẹ̀-èdè Japan, nípa ẹni tó kú, tó tún ayé wá pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni kò lè kò lójú.

Light novel ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré ni, èdè rẹ̀ kò le, àwòrán sì máa ń wà nínú rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n. Mushoku Tensei, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, wà lára èyí tó lókìkí jù. Ọkùnrin ẹni ọdún 34 tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìtàn náà dá lé. Ẹbí lé e jáde nílé, ọkọ̀ akẹ́rù pa á, wọ́n sì tún un bí sí ayé mìíràn tí idán ti ń ṣiṣẹ́. Nínú òmíràn, tí òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Fuse bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, òṣìṣẹ́ ẹni ọdún 37 tí wọ́n gún lọ́bẹ pa padà wá bí nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan tó dà bí omi ilá. Àmọ́ ohun tó bá gbé mì, agbára nǹkan náà di tirẹ̀, títí tó fi di olórí ìlú.

Èyí kò lè ya àgbàlagbà Yorùbá lẹ́nu. Ta ni kò gbọ́ nípa akúdàáyà, ẹni tó kú nílé, tó lọ ń ṣòwò, tó ń bímọ ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n? Ta ni kò mọ Babátúndé àti Yétúndé?

Adùn ìtàn náà kò fara sin. Ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé, tí kò ríṣẹ́, tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ láàárín ẹbí, rí ẹni tó dà bíi tirẹ̀ tó gba ayé lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rẹ̀ náà ń kà á.

Ṣùgbọ́n àléébù wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, agbára ti dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó yí akọni náà ká kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa yìn ín, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì dà bí ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń ta á lọ́rẹ. Wọ́n tún jọra wọn jù. Lọ́dún 2016, àwọn tó ṣètò ìdíje ìtàn kékeré kan ní Japan sọ pé àwọn kò gba ìtàn àtúnwá sí ayé mìíràn mọ́.

Àwọn òǹkọ̀wé tiwa kò gba ọ̀nà yẹn. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D.O. Fágúnwà kọ, tó jáde lọ́dún 1938, Àkàrà-Ògùn ní oògùn lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹ̀dá abàmì kan mú un, ó sì ń gùn ún bí ẹṣin. Nínú ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, ọ̀mùtí kan wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú dé ìlú àwọn òkú. Adẹ́mu náà ní òkú kò lè bá alààyè gbé mọ́. Ó fún un ní ẹyin kan tó ń bọ́ ará ìlú nígbà ìyàn. Ìgbà tí wọ́n fọ́ ẹyin náà tán, pàṣán ló ń pọ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Òṣogbo pàápàá ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Twins Seven-Seven, ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, sọ pé òun nìkan ló yè nínú ìbejì ìgbà méje tí ìyá òun bí. Ojú ẹni tó ti ń lọ, tó ti ń bọ̀, ni Yorùbá fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ijó ló ń jó fún olóògùn tó ń kiri ìlú nígbà tó dé Òṣogbo lọ́dún 1964. Ibi ẹ̀kọ́ àwòrán tí Georgina Beier ń darí ní Mbari Mbayo ló ti mú gègé. Àtúnwá fún un lórúkọ, iṣẹ́ ló fún un ní òkìkí. Lọ́dún 2005, àjọ UNESCO fi í joyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà, ó sì kú lọ́dún 2011.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìgbọ̀nà mọ iye aṣọ tí òun bàjẹ́ kó tó di pé òun ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ohun tí ìtàn Japan máa ń fò kọjá nìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, Babátúndé kì í wá sí ilé àjèjì. Ilé tó ti lọ ló ń padà sí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló sì ń dúró dè é, pẹ̀lú iṣẹ́ tó kù sílẹ̀.

Nítorí náà, kí òbí má ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ. Kó bi í léèrè ìtàn tó ń kà, kó gbọ́ ọ dópin, kó wá pa ti akúdàáyà fún un. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, kò dìgbà tí èèyàn bá kú.